Ta Ló Ni Orúkọ Ìràwọ̀? Bí A Ṣe Lè Ran Àwọn Ọmọ Lọ́wọ́ Láti Ya Àwòrán Tiwọn Sójú Ọ̀run

 

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan tó ń gbé Àbújá wá lo ìsinmi Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa ní Kàbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Lálẹ́ ọjọ́ kejì tó dé, wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa náà sì dákẹ́. Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Ọmọ náà dùbúlẹ̀, ó wòkè, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó na ìka sí àwọn ìràwọ̀ kéékèèké kan tó kóra jọ lókè lọ́hùn-ún. Ó ní, "Bàbá àgbà, kí ni wọ́n ń pe àwọn wọ̀nyẹn?"

Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni "Pleiades", orúkọ tí àwọn Gíríìkì fún wọn. Ọmọ náà gbìyànjú láti pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó gbàgbé rẹ̀ kí ó tó sùn. Èmi ni kò rí oorun sùn. Ṣé ẹ rí i, ìyá mi ní orúkọ tó ń pe àwọn ìràwọ̀ yẹn. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó fi wọ́n hàn mí lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ti oko iṣu dé. Èmi tí mo ti ka ìwé òyìnbó bá ní, "Ìyá, orúkọ wọn gan-an kọ́ nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, kò sì tún dárúkọ náà sí mi létí mọ́. Ìyá ti lọ. Mo ti wá orúkọ yẹn títí nínú orí mi, n kò rí i. Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní yunifásítì fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan sọnù nínú ilé tèmi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti fi ìràwọ̀ ya àwòrán tiwọn, kí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Eré ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n eré tó ń kọ́ ọmọ láti wo nǹkan dáadáa, tí ó sì ń jẹ́ kó mọ̀ pé ojú tirẹ̀ náà tó ojú, kì í ṣe eré lásán.

Ojú wa ló ń fa ìlà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àwòrán ìràwọ̀ jẹ́. Kò sí okùn kankan tó so ìràwọ̀ kan mọ́ èkejì lókè. Àwa ènìyàn la ń fi ojú fa ìlà náà. Ẹ wo Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ lóru. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin bí ọdún 8 àti oṣù 7 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ojú wa, Rigel kò jìnnà sí i rárá, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ Rigel tí à ń rí lálẹ́ yìí ti kúrò níbẹ̀ láti ohun tó ju 800 ọdún lọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn dúró ní Kàbà lóru, tó rí àtùpà ilé kejì, tó sì rí iná kan lórí òkè jíjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú onítọ̀hún, iná méjèèjì fara kanra. Ẹ ní kó fi ẹsẹ̀ rìn ín wò!

Bí ó bá jẹ́ pé ojú wa ló ń fa ìlà, kò yà mí lẹ́nu pé oríṣiríṣi ènìyàn fa oríṣiríṣi ìlà. Àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tí ọmọ náà fi hàn mí, ọmọbìnrin méje tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwọn Gíríìkì rí níbẹ̀. Adìẹ tó ní ọmọ ni àwọn Háúsá rí. Àwọn Súlú ní Gúúsù Áfíríkà fún un ní orúkọ tó jẹ mọ́ oko ríro, torí pé nígbà tó bá yọ ní ìdájí, wọ́n mọ̀ pé àkókò iṣẹ́ oko ti ń bọ̀. Àwọn ará Jàpáànù ń pè é ní Subaru. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí ọkọ̀ Subaru, ẹ wo àmì iwájú rẹ̀ dáadáa: àwọn ìràwọ̀ yẹn náà ni.

Ìràwọ̀ méje kan tún wà tó máa ń hàn sí wa lápá àríwá, ní àṣálẹ́ oṣù Kẹrin àti Ìkarùn-ún. Àwọn ará Bìrìtéènì ní ohun ìtúlẹ̀ tí ẹran ń fà ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní igbákọ gígùn ni. Àwọn Lárúbáwá àtijọ́ ní pósí òkú ni, pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìràwọ̀ kan náà ni o! Ohun tó wà lọ́wọ́ kálukú, tó wà nínú ilé rẹ̀, tó wà lọ́kàn rẹ̀, ló ń rí lókè.

Àgbàlagbà pàápàá ṣe é

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé, "Prof, àwọn àtijọ́ ló ní àṣẹ láti ṣe irú èyí, kì í ṣe ọmọdé." Ó dáa, ẹ gbọ́ ìtàn yìí.

Ní 1751 àti 1752, ọ̀gbẹ́ni ará Faransé kan tó ń jẹ́ Nicolas-Louis de Lacaille wà ní etí òkun ìsàlẹ̀ Áfíríkà, níbi tí à ń pè ní Cape Town lónìí. Ó ń ka àwọn ìràwọ̀ apá gúúsù tí àwọn ará Yúróòpù kì í rí láti ilé wọn. Ó ka bí 10,000. Àwọn àlàfo kan wà tí kò ní àwòrán nínú ìwé tirẹ̀, ló bá ya àwòrán tuntun 14 sí wọn. Kí ló yà? Ohun èlò iṣẹ́! Aago, ààrò, awò tó ń sún ohun jíjìnnà mọ́ni, ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọnà fi ń fín nǹkan. Òkè kan tó tẹ́ lórí bíi tábìlì wà lẹ́yìn ibi tó ń gbé. Ó gbé òkè yẹn náà sójú ọ̀run, ó sì wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò títí dòní.

Bí àlejò láti Faransé bá lè gbé òkè ilẹ̀ Áfíríkà tó sùn sí ìdí rẹ̀ lọ sójú ọ̀run, kí ló dé tí ọmọ Kàbà kò fi lè gbé òkè ẹ̀yìnkùlé wọn lọ síbẹ̀? Kí ló dé tí ọmọ Bùnú tó ń rí ìyá àgbà lẹ́nu òfì kò fi ní rí òfì lókè?

Lóòótọ́, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, ti pín ojú ọ̀run sí 88. Wọ́n fọwọ́ sí orúkọ wọn ní 1922, wọ́n sì tẹ ààlà wọn jáde ní 1930. Ìyẹn dà bí ìwé ilẹ̀: ó ń jẹ́ kí onímọ̀ tó wà ní Nsukka àti èyí tó wà ní Chile mọ̀ pé ibì kan náà ni wọ́n ń sọ. Àwòrán ọmọ yín kò ní wọ inú 88 yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí kan fún yín: ohun ìtúlẹ̀ àwọn ará Bìrìtéènì yẹn kò sí nínú 88 náà. Apá kan lára àwòrán ẹranko béárì ńlá ni nínú ìwé. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń pe orúkọ tiwọn lọ.

Àwa Yorùbá gan-an ló yẹ kí èyí tètè yé. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá á sọ tirẹ̀, ìyá á sọ tirẹ̀, ìyá àgbà á sọ tirẹ̀, oríkì á tún wà, ìnagijẹ á tẹ̀ lé e. Ta ló máa ń jà pé ọ̀kan ti pa ìyókù? Orúkọ tó wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ kò pa èyí tí ìyá àgbà ń pè. Èmi ni mo rò pé ó pa á nígbà yẹn, mo sì ti jìyà rẹ̀.

Kí n má gbàgbé: ní 2019, nígbà tí ẹgbẹ́ yẹn pé 100 ọdún, wọ́n fún àwọn orílẹ̀-èdè láǹfààní láti sọ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan àti pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i ká lórúkọ. Èyí tó kan Nàìjíríà, Amadioha ni ìràwọ̀ náà ń jẹ́, òrìṣà àrá láàárín àwọn Ìgbò. Equiano ni pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, orúkọ ọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú, tó sì tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1789. Ojú lásán kò lè rí Amadioha, ṣùgbọ́n agbègbè kan náà ni òun àti Sirius wà. Ètò bí irú èyí kì í gba kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó kí òun fi orúkọ ọmọ yín sọ ìràwọ̀, kí òun sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí, ẹ fowó yín sápò, ẹ jàre. Ẹgbẹ́ náà kò mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ọ̀sán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ́n ẹ̀kúnwọ́ hóró àgbàdo sórí aṣọ dúdú, kí wọ́n balẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá àwòrán kan níbẹ̀, kó fi ẹfun fa ìlà láti hóró kan dé èkejì. Ọ̀kan á rí ewúrẹ́, èkejì á rí ọ̀kadà nínú hóró kan náà. Ẹ má ṣe dá ẹjọ́ ẹni tó tọ̀nà. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ pé ohun kan lè ní àwòrán méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan alẹ́ tí kò sí òṣùpá. Lọ́dọ̀ tiwa ní Kàbà, ìparí oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ló dára jù: òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò sì tíì kó eruku bo ojú sánmà. Ẹ pa gbogbo iná, ẹ fi fóònù sápò, kí ẹ sì dúró fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ojú ń fẹ́ àkókò láti mọ òkùnkùn. Bí ẹ bá nílò tọ́ọ̀ṣì láti kọ̀wé, ẹ fi aṣọ pupa wé orí rẹ̀.

Kí ọmọ yan ìràwọ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ péré, kó jẹ́ àwọn tó mọ́lẹ̀ jù. Níbi tó bá ṣókùnkùn dáadáa, ojú lásán lè rí bí 2,500 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó bá fẹ́ lo gbogbo rẹ̀, kò ní rí àwòrán rẹ̀ mọ́ lọ́la. Ẹ bi í pé, "Kí lo rí?" Ẹ má ṣe bi í pé, "Ṣé o rí ọdẹ tó wà níbẹ̀ yẹn?" Bí ẹ bá ní Stellarium lórí fóònù yín, ohun èlò ọ̀fẹ́ tó ń fi ìràwọ̀ hàn, ọ̀la ni kí ẹ ṣí i, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ya tirẹ̀ tán. Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn, kò ní wá a mọ́.

Kó ya á sínú ìwé: àmì ńlá fún ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀, àmì kékeré fún èyí tí kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kó kọ ọjọ́, aago, àti apá ibi tó kọjú sí. Kó tún wọn bó ṣe ga tó. Ìwọ̀n rẹ̀ kò nira: bí a bá na apá tán tí a sì di ẹ̀ṣẹ́, láti etí ilẹ̀ dé àárín orí jẹ́ bí ẹ̀ṣẹ́ mẹ́sàn-án. Ọwọ́ ọmọdé kéré, apá rẹ̀ náà sì kúrú, nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà. Lẹ́yìn èyí, kó sọ ọ́ lórúkọ, kó sì sọ ìtàn rẹ̀ ní gbólóhùn méjì mẹ́ta.

Ìdánwò rẹ̀ wá dé. Ẹ gbé ìwé náà fún ọmọ mìíràn, kí ẹni tó yà á má sọ̀rọ̀. Bí ọmọ kejì bá rí àwòrán náà lókè, ó yege. Bí kò bá rí i, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń wá a. Ẹ tún un yà. Iṣẹ́ tí àwòrán ìràwọ̀ wà fún látayébáyé nìyẹn, kí ẹlòmíràn lè fi í mọ ibi tí ó ń wò.

Ìkìlọ̀ kan wà. Bí ìràwọ̀ kan bá mọ́lẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tí kò sì ṣẹ́jú, ẹ fura sí i. Ó lè jẹ́ àgùàlà, tàbí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn bíi Jupiter. Àwọn àgbà ní àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, àwọn ènìyàn ṣebí ajá rẹ̀ ni. Kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tirẹ̀ ló ń bá lọ. Bí ọmọ bá fi í ṣe ojú ewúrẹ́ rẹ̀, kó tó oṣù mélòó kan, ewúrẹ́ ti fọ́jú.

Igi ọ̀pẹ tó wó

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ ọmọ mi. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé ìwé àti pẹ́ńsù fún un, mo dákẹ́. Ní bí aago mẹ́jọ, ìràwọ̀ mẹ́ta kan wà ní ìlà-oòrùn, wọ́n ga tó ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan lórí èkejì. Àwọn Gíríìkì ní bẹ́líìtì ọdẹ kan tó ń jẹ́ Orion ni. Ọmọ náà ti rí adẹ́mu lórí ọ̀pẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Bàbá àgbà, àwọn adẹ́mu mẹ́ta ló ń gun ọ̀pẹ kan ṣoṣo." Ó yà á, ó kọ "Ọ̀pẹ Adẹ́mu Mẹ́ta" sábẹ́ rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ kan sì rí i láìbéèrè.

Ó padà sí Àbújá. Ní ìparí oṣù Kìíní, bàbá rẹ̀ pè mí ní bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ọmọ náà gba fóònù, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá àgbà, igi ọ̀pẹ ti wó! Àwọn adẹ́mu ti dùbúlẹ̀ sí àárín orí wa!"

Mo ti kọ́ni nípa bí ayé ṣe ń yí lọ́pọ̀ ìgbà. N kò rí ẹnikẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣàlàyé fún un pé ayé ló ń yí; pé láàárín wákàtí kan, ìràwọ̀ á sún bí ẹ̀ṣẹ́ kan àbọ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Lójoojúmọ́, ìràwọ̀ kan náà máa ń yọ ní bí ìṣẹ́jú 4 ṣáájú ti àná, tó fi jẹ́ pé láàárín oṣù kan, ó ti fi wákàtí méjì ṣáájú. Nítorí pé ilẹ̀ wa kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, àwọn mẹ́ta yẹn máa ń yọ ní òró, wọ́n á wà ní ìbú nígbà tí wọ́n bá kọjá lórí wa, wọ́n á sì tún dìde dúró nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀. Mo ní kó máa ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn ní oṣù Kẹrin, àwọn adẹ́mu á ti máa sọ̀ kalẹ̀.

Ká ní "Orion" ni mo fún un, ṣé yóò pè mí? N kò rò bẹ́ẹ̀. Igi tirẹ̀ ló wó. Ẹni tó bá ní nǹkan lókè ni yóò máa wòkè.

Ojú ewé méjì

Ohun kan ló kù, òun ló sì ká mi lára jù. Àwòrán tí ọmọ dá sílẹ̀ lánàá kì í ṣe àṣà àtayébáyé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé "báyìí ni àwọn baba ńlá Ọ̀kún ṣe ń pè é". Irọ́ ni ìyẹn, a ó sì fi da ohun tó kù rú.

Nítorí náà, ẹ pín ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ sí méjì. Ojú ewé òsì wà fún orúkọ tí àwọn àgbà sọ fún wa: ta ló sọ ọ́, ará ibo ni, ọjọ́ wo ló sọ ọ́, irú ìràwọ̀ wo ló nàka sí. Ojú ewé ọ̀tún wà fún èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́. Òyìnbó ológun kan, A. B. Ellis, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1894 pé àwọn Yorùbá ń pe Sirius ní ìràwọ̀ ọkọ̀, torí pé òun ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fi ń mọ̀nà. Gbólóhùn kan péré ni. Ó ṣì wà níbẹ̀ lónìí nítorí pé ẹnì kan béèrè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, yálà ní Kàbà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, ẹ mú ọmọ dání lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ tí kò bá sí òṣùpá. Ẹ tẹ́ ẹní. Ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì dárúkọ tí kò sí nínú ìwé kankan, ẹ má ṣe ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó di ìgbà mìíràn. Ọ̀kún o.